Òjó tiwa, ojo tiwọn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ojo ni orúkọ ìdílé wa. Ọmọ mi wà ní Sípéènì, wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀ pé ojú ló ń jẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ Ígálà ní Ọlọ́run ni. Bẹ́ẹ̀ bàbá mi ní wọn ò bí òun tòun ti ìwọ́ lọ́rùn. Èwo ni ká gbà? (Òǹkàwé kan, Bódìjà, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn, àní bàbá yín pàápàá. Òjó ni àmútọ̀runwá ọmọkùnrin tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Àìná ni ti obìnrin. Ṣùgbọ́n a ò ní orúkọ ìdílé tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé àti iṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀ làwọn ọmọ mú orúkọ bàbá tàbí bàbá-bàbá wọn. Ẹnì kan ni ìwọ́ kọ́ lọ́rùn, àwọn yòókù jogún orúkọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ọkùnrin onírùngbọ̀n tí ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ Àìná.

Ti Sípéènì, inú “oculus” èdè Látìn ló ti wá. “Óhò” ni wọ́n ń pè é, ọ̀nà ọ̀fun ni j wọn ti ń jáde. Wọ́n tún ń pe ìsun omi ní “ojo de agua”, ìyẹn ojú omi. Ṣé àwa náà kì í pè é ní ojúsun? Orúkọ yìí náà ló wà lára Ojos del Salado, òkè ayọnáyèéfín tó ga ní mítà 6,893 ní ààlà Chile àti Argentina. Ti Ígálà, Ọlọ́run ni lóòótọ́, iwájú orúkọ gígùn ló sì sábà máa ń wà: Ojoma, “Ọlọ́run mọ̀”.

Àìsí àmì ohùn ló kó gbogbo wọn pọ̀. Lẹ́tà A sí Z tí kò lámì nìkan ni wọ́n fi ń kọ orúkọ síbi tí ẹ̀rọ ń kà nísàlẹ̀ ojú ìwé ìrìnnà, nítorí náà Òjó, òjò àti ọjọ́ di ọ̀kan náà níbẹ̀. Èyí tó tiẹ̀ burú jù ni pé bí a bá kà á bó ṣe wà, ẹni tí ẹ̀rù tètè ń bà ni.

Ẹ ní kí àgbàlagbà ilé yín pe orúkọ náà, kó sì ki Òjó. Bó bá gbé e pé “Òjó ò sí nílé, ọmọ adìẹ dàgbà”, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ẹ wá lọ wo ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì bàbá-bàbá yín, tàbí kí ẹ lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé orúkọ ìdílé ni wọ́n ń wá. Ní ojú ìwé ti Òjó àkọ́kọ́, orúkọ tirẹ̀ gan-an ni Òjó. Orúkọ mìíràn pátápátá lè wà níbi tí wọ́n kọ ti bàbá rẹ̀ sí.

Kí ọmọ yín ṣọ́ra: orúkọ ìdílé méjì làwọn ará Sípéènì ń jẹ́, ti bàbá àti ti ìyá. Bí kò bá ní ìkejì, kó fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, kí wọ́n má baà sọ orúkọ àárín rẹ̀ di orúkọ ìdílé.