Rafting ọjọ́ mẹ́rin nínú igbó kìjikìji: ṣé kí n lọ, kí ni kí n dì sẹ́rù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ti forúkọ sílẹ̀ fún rafting ọlọ́jọ́ mẹ́rin (ká fi ọkọ̀ rọ́bà tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí gba orí omi tó ń sáré), inú igbó kìjikìji ni odò náà gbà kọjá, inú tẹ́ǹtì létí omi la ó sì máa sùn. Wọ́n ní kíláàsì 3 sí 4 ni omi ẹ̀. Àbúrò mi mọ̀wẹ̀ dáadáa, èmi kàn lè léfòó díẹ̀ ni. Àwọn ìgbì ńlá tí mo rí nínú fídíò ló ń já mi láyà. Ṣé kí n yọwọ́? Tí mo bá sì máa lọ, kí ni kí n gbé dání?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè o. Tí ara yín bá le, ẹ lè lọ, àmọ́ ẹ sọ fún atukọ̀ yín kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ pé ẹ ò mọ̀wẹ̀ dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pamọ́ torí ìtìjú, torí ohun tẹ́ ẹ bá sọ làwa atukọ̀ fi ń mọ ẹni tá a máa gbé síwájú àti ẹni tó máa jókòó sítòsí wa níbi tọ́wọ́ wa á ti tètè tó o. Àwọn odò kan wà tí wọn ò ní gbà yín rárá tẹ́ ẹ ò bá lè lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ ẹ má bá wọn jà, wọ́n mọ omi wọn.

Ọ̀rọ̀ kíláàsì yẹn, láti 1 dé 6 là ń kà á. Omi kíláàsì 1 kàn ń ṣàn jẹ́jẹ́ ni, 6 sì nìyẹn tó jẹ́ pé èèyàn díẹ̀ ló ń dán an wò. Kíláàsì 3 ní ìgbì tó lè bu omi kún inú ọkọ̀, kíláàsì 4 lágbára gan-an, ó sì gba kí gbogbo yín jọ wa àjẹ̀ lásìkò tí atukọ̀ bá pè é, ẹni kan ò gbọ́dọ̀ máa wo ìran. Odò Pacuare ní Costa Rica, tọ́pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣe irú ìrìn àjò yìí nínú igbó, kíláàsì 3 àti 4 ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn tí ò tíì ṣe é rí sì ń lọ síbẹ̀. Àmọ́ nọ́ńbà yẹn kì í dúró sójú kan, òjò alẹ́ kan ṣoṣo lè sọ 3 di 4. Tí odò bá sì jìnnà sí títì àti ọsíbítù, ẹ kà á sí kíláàsì kan lé, torí pé ẹsẹ̀ tó rọ́ lásán níbi tí mọ́tò ò lè dé ti di wàhálà ọjọ́ kan gbáko.

Ẹ wá gbọ́ o, ìgbì ńlá inú fídíò yẹn kọ́ ló ń ba àwa tá à ń ṣiṣẹ́ yìí lẹ́rù. Ìgbì á gbé yín sókè, á da omi sí yín lójú, ó lè jù yín sómi pàápàá, life jacket, ẹ̀wù tó ń mú èèyàn léfòó, á tún gbé yín jáde. Àwọn nǹkan tó ń pa èèyàn lódò inú igbó kì í pariwo.

Igi ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Òjò máa ń jẹ bèbè odò nínú igbó, igi á ya lulẹ̀ tòun ti gbòǹgbò, á nà gbọọrọ sínú omi. Omi á máa gba àárín ẹ̀ka ẹ̀ kọjá, èèyàn ò lè kọjá, ńṣe ni omi á tì í mọ́bẹ̀ bí asẹ́ ṣe ń dá pàǹtí dúró, kò sì ní yéé tì í. Igi tó wó lánàá ò sí nínú máàpù ẹnikẹ́ni, ìdí nìyẹn tá a fi máa ń dúró létí odò ká tó wọ kọ́nà tá ò rí ìdí ẹ̀, a ó sọ̀ kalẹ̀ ká lọ fẹsẹ̀ rìn wò ó. Tí atukọ̀ yín bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó sú yín o, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Tẹ́ ẹ bá já sómi, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ na ẹsẹ̀ sí ìsàlẹ̀ odò kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín yọ sókè omi, kó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ pàdé òkúta, kì í ṣe orí. Ẹ mí nígbà tẹ́ ẹ bá wà láàárín ìgbì méjì, ẹ pa ẹnu dé tẹ́ ẹ bá ń gun orí ìgbì. Ẹ má dìde dúró o! Kódà tí omi ò bá ju orúnkún lọ, tó bá ṣì ń sáré, ẹ má dúró, torí ẹsẹ̀ lè há sáàárín òkúta méjì nísàlẹ̀, omi á wá máa tì yín lẹ́yìn títí á fi tẹ orí yín mọ́lẹ̀, omi orúnkún sì ti tó láti pa àgbàlagbà báyẹn. Ẹ dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá dé ibi tí omi ti dákẹ́, tí ìdí yín bá ń kan ilẹ̀. Igi nìkan ló yí òfin yìí padà: tẹ́ ẹ bá rí i pé omi ń gbé yín lọ bá a, ẹ yíra dà, ẹ dojú bolẹ̀, ẹ fi gbogbo agbára lúwẹ̀ẹ́ kúrò lọ́nà ẹ̀, tí kò bá ṣeé ṣe mọ́, ẹ kọrí sí i gan-an kẹ́ ẹ fò gùn ún, kí àyà yín bọ́ sórí ẹ̀ kí omi tó fà yín wọ abẹ́. Tí wọ́n bá ju okùn sí yín, okùn ni kẹ́ ẹ dì mú, kì í ṣe báàgì tó wà lórí ẹ̀, ẹ gbé e kọ́ èjìká, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, kẹ́ ẹ má sì wé e mọ́wọ́ láéláé.

Ẹ dán life jacket yín wò ní gbangba. Kí àbúrò yín di èjìká ẹ̀ mú, kó fà á sókè dáadáa, tó bá ti gòkè dé etí yín, ó tóbi jù nìyẹn tàbí ẹ ò fún bẹ́líìtì ẹ̀. Ọwọ́ kan ò sì gbọ́dọ̀ kúrò lórí àjẹ̀ lókè pátápátá, ibi tó rí bíi lẹ́tà T yẹn, torí òun ló máa ń fọ́ eyín ẹnìkejì nígbà tí ọkọ̀ bá fò sókè.

Ìkejì ni omi òru. Òjò lè rọ̀ lókè odò lọ́hùn-ún, kó má kán sórí tẹ́ǹtì yín rárá, odò á sì kún láàárín òru. Tẹ́ ẹ bá dé ibi tẹ́ ẹ máa sùn, ẹ wo ẹ̀ka igi tó wà lẹ́bàá odò, ẹ máa rí koríko gbígbẹ àti igi wẹ́wẹ́ tó há sókè ibẹ̀, nígbà míì ó máa ń ga ju orí èèyàn lọ. Omi ló gbé e síbẹ̀, omi sì lè padà débẹ̀. Tẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí iyanrìn ìsàlẹ̀ ṣe wù kó tẹ́ tó. Kílẹ̀ tó ṣú, ẹ ri igi kékeré kan mọ́lẹ̀ síbi tí omi parí sí gẹ́lẹ́, tẹ́ ẹ bá jí láti tọ̀ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Tí omi bá ti kọjá ẹ̀, tàbí tí omi tó mọ́ gaara nírọ̀lẹ́ ti di pupa, tí ewé àti ìtì igi ń bá a bọ̀, ẹ jí gbogbo èèyàn, kò sí pé ẹ ò fẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu.

Ìkẹta ni awọ ara, òun làwọn èèyàn máa ń fojú di jù. Ọ̀rinrin inú igbó kì í jẹ́ kí egbò gbẹ, ibi tí òkúta ha lásán ní ọjọ́ kìíní lè ti wú tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ fi oògùn egbò sí i, ẹ bò ó. Ẹsẹ̀ tó ń rin látàárọ̀ títí dalẹ́ máa ń funfun, á hunjọ, tí kò bá wá gbẹ lóru, á bẹ̀rẹ̀ sí í bó, rírìn á sì di ìrora. Torí náà ẹ ní aṣọ kan àti sọ́ọ̀kì kan tó jẹ́ ti òru nìkan, kò gbọ́dọ̀ fojú kan odò, ní àárọ̀ ẹ bọ́ ọ, ẹ padà wọ èyí tó tutù. Mo mọ̀ pé kò dùn ún wọ̀, àmọ́ ẹ ṣe é.

Ẹrù tó kù ò tó nǹkan. Aṣọ alápá gígùn tó ń tètè gbẹ, kó má jẹ́ ti òwú, bàtà tí okùn ẹ̀ di ẹsẹ̀ mú (sílípáàsì á bómi lọ), oògùn ẹ̀fọn, tọ́ọ̀ṣì, báàgì méjì tí omi ò lè wọ̀, ẹ tẹ atẹ́gùn inú ẹ̀ jáde kẹ́ ẹ tó ká ẹnu ẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Omi odò, bó ti wù kó mọ́ tó, ẹ sè é kó hó fún ìṣẹ́jú 1 gbáko kẹ́ ẹ tó mu ún, tó bá dọ̀tí ẹ jẹ́ kó silẹ̀ kẹ́ ẹ sẹ́ ẹ ná.

Ẹ rí dókítà bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, ẹ bá a sọ̀rọ̀ ibà tí ẹ̀fọn ń fà àti leptospirosis, àrùn kan tó ń ti inú ìtọ̀ eku àti ẹran míì wọ omi, tó máa ń gba ojú egbò wọlé sára. Tó bá fún yín ní oògùn tó ń jẹ́ doxycycline, ẹ mọ̀ pé oòrùn á tètè máa jó yín. Tí ibà bá wá mú yín láàárín oṣù kan tẹ́ ẹ dé, ẹ má kàn ra oògùn lò, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ti wà lódò inú igbó, torí leptospirosis lè tó ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó jáde.

Ẹ pe àwọn tẹ́ ẹ sanwó fún lónìí. Ẹ bi wọ́n bóyá ọkọ̀ ju ẹyọ kan lọ, bóyá ẹni tó wà nínú kayak (ọkọ̀ kékeré tóóró) máa ń ṣáájú, bóyá wọ́n ní fóònù sátẹ́láìtì, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ní sí. Ẹ ní kí wọ́n sọ ibi tí èèyàn lè gbà jáde kúrò lódò lọ́jọ́ kejì tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àti bí omi ṣe máa ga tó kí wọ́n tó ní àwọn ò lọ mọ́. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á dá yín lóhùn láìro ó lẹ́ẹ̀mejì. Tí wọ́n bá ní àwọn ò kì í dá ìrìn àjò dúró, bó ṣe wù kí omi kún tó, ẹ gbowó yín padà, kẹ́ ẹ wá ẹlòmíì.