Èsì: Kí ló dé tí àwọn tí ojú inú wọn là fi ṣọ̀wọ́n?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làákàyè. Ẹ béèrè pé bí ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ayé àtijọ́ ṣe pọ̀ tó yìí, kí ló dé tí àwọn tí ojú inú wọn là ṣì fi ṣọ̀wọ́n. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ kọ́ ló wọ́n. Ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni ló wúwo.

Ẹ wo Ananda, ìbátan Buddha tó tún jẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 25. Ìtàn àwọn ẹlẹ́sìn Buddha sọ pé ó há ìwàásù ọ̀gá rẹ̀ sórí débi pé òun ni wọ́n ní kó kà á jáde nígbà tí àwọn ọmọlẹ́yìn péjọ sí Rajagaha, ìlú kan ní Íńdíà, lẹ́yìn ikú Buddha. Síbẹ̀, ojú inú rẹ̀ kò tíì là tán nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ kú. Òru tó ṣáájú ìpàdé náà ló tó là. Ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu Buddha fúnra rẹ̀ nìyẹn o! Ká má tiẹ̀ wá sọ ti àwa tí a kàn ń kà á.

Ọ̀nà Buddha, ti àwọn Súfì (àwọn Mùsùlùmí tó ń wá bí wọ́n ṣe máa sún mọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn wọn), ti àwọn Kristẹni ìgbàanì tó lọ ń gbé aṣálẹ̀ Íjíbítì, gbogbo wọn ló ní kí èèyàn jọ̀wọ́ ìfẹ́ inú ara rẹ̀. Ta ló fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀? Ìfọ̀kànbalẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń wá. Bí ara bá ti tù wá díẹ̀, ibẹ̀ la máa ń dúró sí.

Ní ti olùkọ́ tuntun tí ẹ ní ẹ fẹ́ wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ mú ẹyọ kan nínú ẹ̀kọ́ tí ẹ ti gbà, kí ẹ fi ṣèwà hù fún ìgbà pípẹ́ ná.