Èsì: Kí ló gbé Bessie Coleman dé Faransé?
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí ló dé tí Bessie Coleman fi lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù ní Faransé nígbà tó jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ awabàálù níbẹ̀ ò gbà á ni o! Obìnrin ni, ó tún wá jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Èékánná ló ń bá àwọn èèyàn tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù bábà ní Chicago, ló bá kọ́ èdè Faransé, ó ń tọ́jú owó, nígbà tó di 1920 ó wọkọ̀ ojú omi ó lọ, oṣù kẹfà 1921 ló gba láísẹ́ǹsì. Bàálù tó fi kọ́ṣẹ́ yẹn, igi àti aṣọ lásán ni, ọ̀pá ni wọ́n fi ń darí ẹ̀! Ikú ẹ̀ ló dùn mí jù. 1926, sípánà há síbi tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀, bàálù dojú dé, kò sì de bẹ́líìtì torí ó fẹ́ máa yọjú wolẹ̀, ló bá já bọ́ látinú ẹ̀.