Ọkùnrin tó jókòó sórí àga bàbá wọn

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí a jọ wà ní ìlú òyìnbó, ẹ kú àjò o. Thamesmead ni mò ń gbé, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni ọdún 61 ni mí. Ọkọ mi kú ní 2018, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún mi. Méjì ti wà nílé tiwọn, àbíkẹ́yìn tó jẹ́ ọmọ ọdún 26 ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Níbi ìnáwó òkú ìyá ọ̀rẹ́ mi kan ni mo ti pàdé ọkùnrin ará Iléṣà kan. Ẹni ọdún 67 ni, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ló ń wà kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní ìyàwó òun ti kú. Ó ti tó ọdún méjì tí a ti mọra, ó wá fẹ́ ká ṣègbéyàwó.

Nígbà tí mo sọ fún àwọn ọmọ, ilé dà rú. Èyí obìnrin ní, "Mọ́mì, ní ọjọ́ orí yín? Kí làwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa sọ?" Àkọ́bí ò bínú, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ta ni yóò ni ilé tí dádì rà. Àbíkẹ́yìn ò sọ nǹkan kan, àfi ìgbà tí ọkùnrin náà wá kí mi, tó lọ jókòó sórí àga tí bàbá wọn máa ń jókòó sí. Ọmọ náà dìde, ó jáde, kò wọlé títí di aago méjì òru. Ṣé kí n ní kí ọkùnrin yìí máa lọ ni? Àbí ká kàn máa rí ara wa ní jẹ́jẹ́, láìsọ fún ẹnikẹ́ni mọ́?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìrọ́jú, àbúrò mi. Leeds ni mo wà. Ẹni ọdún 66 ni mí, opó bíi tiyín ni mí tẹ́lẹ̀, ọdún keje rèé tí mo tún lọ́kọ.

Ìbéèrè yín tó gbẹ̀yìn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, torí ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn, díẹ̀ ló kù kó tú ilé mi ká. Ẹ má ṣe é ní bòńkẹ́lẹ́. Odidi ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi ń pe ọkọ mi ní "bọ̀dá láti ṣọ́ọ̀ṣì". Bọ̀dá láti ṣọ́ọ̀ṣì bá wa tún ẹ̀rọ omi ṣe. Bọ̀dá láti ṣọ́ọ̀ṣì gbé mi lọ sí ọsibítù. Bọ̀dá láti ṣọ́ọ̀ṣì jẹun Kérésì lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ kan ni ọmọ mi ọkùnrin wọ balùwẹ̀, ó rí gíláàsì tí bọ̀dá fi ń ka Bíbélì lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń fọ eyín. Kò pariwo. Ó mú un wá sí pálọ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní, "Mọ́mì, bọ̀dá gbàgbé nǹkan." Oṣù mẹ́rin gbáko ni kò fi tẹ ilé mi. Nígbà tó padà wá, ó ní kì í ṣe ọkùnrin tí mo fẹ́ ló dun òun, irọ́ tí mo ń pa fún òun bí ẹni ń tan ọmọ kékeré ló dun òun. Ẹ̀yin ti sọ fún tiyín. Ẹ ti ṣe dáadáa jù mí lọ.

"Ní ọjọ́ orí yín" yẹn, èmi náà gbọ́ ọ. Bó bá ṣe pé ìyá ló kú, tó ṣẹ́ ku bàbá, àwọn ọmọ kan náà yìí ni ìbá máa sọ kiri pé ta ni yóò máa se oúnjẹ fún dádì. Kò ní í pé ọdún tí wọ́n á ti máa bá a wojú obìnrin. Àwa ni wọ́n fẹ́ kí á fi opó ṣe aṣọ wọ̀ títí ayé. Bẹ́ẹ̀, láyé àwọn ìyá wa àgbà, ẹbí ọkọ a máa ṣú opó, wọ́n á fà á lé àbúrò olóògbé lọ́wọ́. Èmi ò fẹ́ kí ìyẹn padà wá o, ṣùgbọ́n wọ́n kúkú mọ̀ pé kò yẹ kí obìnrin dá wà. Àwọn Mùsùlùmí ní tiwọn, oṣù 4 àti ọjọ́ 10 ni wọ́n kà fún opó, lẹ́yìn náà ó lè lọ́kọ. Ẹ wo iye ọdún tí ẹ̀yin ti lò.

Àwọn ọmọ wa ò mọ bí ìgbà òtútù ṣe gùn tó fún ẹni tó dá wà. Aago mẹ́rin, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, ẹ jẹ ẹ́ láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdé, kò sẹ́ni tó máa sọ pé iyọ̀ ti pọ̀ jù. Wọ́n ń pè wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n ṣeun, ṣùgbọ́n orí ìrìn ni wọ́n ti ń pè. Bí wọ́n bá ti dé ibi tí wọ́n ń lọ, ọ̀rọ̀ tán.

Àkọ́bí yín ńkọ́? Ẹ má bínú sí i rárá. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ló béèrè ohun tó yẹ. Ní England àti Wales, ọjọ́ tí ẹ bá ṣègbéyàwó ni wíìlì tí ẹ ti ṣe tẹ́lẹ̀ di ìwé lásán, àfi bí ẹ bá ti kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ẹ ń gbèrò láti fẹ́ lágbájá. (Ní Scotland kò rí bẹ́ẹ̀.) Bí ẹ bá wá kú láìní wíìlì tuntun, ọkọ ni yóò kọ́kọ́ mú pọ́n-ùn 322,000 nínú ohun tí ẹ fi sílẹ̀, yóò tún mú ìdajì ohun tó bá ṣẹ́ kù, kó tó kan àwọn ọmọ. Ẹ fojú bu iye tí ilé yín tó, kí ẹ wò ó bóyá nǹkan kan máa ṣẹ́ kù fún wọn nínú ilé tí bàbá wọn fi iṣẹ́ òru rà. Bí ẹ bá sì fi orúkọ ọkùnrin náà sínú ìwé ilé pé ẹ jọ ni ín lódindi, òun ló ni ín ní kété tí ẹ bá kú, wíìlì kankan ò lè gbà á.

Nítorí náà, lọ́yà kí ẹ tó ra aṣọ ẹbí. Ẹ lè kọ ọ́ pé kí ọkọ máa gbé inú ilé náà títí tí yóò fi kú tàbí tí yóò fi kó jáde, lẹ́yìn náà kó di tàwọn ọmọ. Ohun tí ọkọ mi ṣe sí ilé tirẹ̀ nìyẹn nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjì, èmi náà ṣe é sí tèmi. Ọ̀tọ̀ ni lọ́yà tirẹ̀, ọ̀tọ̀ ni tèmi. Mo fi ìwé náà han àwọn ọmọ mi. Èyí obìnrin tó ti ń sọ pé ojú ń ti òun láti ọjọ́ yìí, bó ti kà á tán, ojú ò tì í mọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Lóru, mo sunkún díẹ̀.

Ohun kan tún wà tí kì í wá sí ọkàn ẹni. Ẹ ò tíì pé ọjọ́ orí tí ìjọba ń san owó ìfẹ̀yìntì. Bí ẹ bá ní ẹ̀tọ́ láti jogún díẹ̀ lára ti ọkọ yín tó kú, tí ẹ wá tún lọ́kọ kí ẹ tó pé ọjọ́ orí yẹn, ó ti bọ́ nìyẹn. Owó tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń san fún yín náà, bó bá wà, àwọn kan máa ń dá a dúró bí opó bá lọ́kọ. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó mú ọjọ́.

Ó wá ku ọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé "ó ní" ìyàwó òun ti kú. "Ó ní" yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí ikú. Kì í ṣe àrífín, nítorí wọ́n á béèrè tiyín àti tirẹ̀ ní ibi ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó, níbi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí ní ó kéré tán ọjọ́ 28 ṣáájú. Bí obìnrin kan bá ṣì wà nílé tó bá a ṣègbéyàwó kóòtù, kóòtù nìkan ló lè tú u. "A ti kọ ara wa sílẹ̀" tí wọ́n ń fẹnu sọ ò tó. Ẹ̀wọ̀n ẹni tó bá tún ṣègbéyàwó nígbà tí ti àkọ́kọ́ kò tíì tú lè tó ọdún 7 níbí. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan nínú ẹbí yín dé Iléṣà, kó má dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó wọlé, kó jẹun níbẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ẹ ò sì sọ fún wa bóyá ó ti yá owó lọ́wọ́ yín rí.

Ẹbí ọkọ yín náà, ẹnu yín ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo pè, àyà mi ń já. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti já. Ó wá ní, "Ìyàwó wa, ṣé kò ní í máa nà ọ́?" Mo ní kò jẹ́ dán an wò. Ó ní ó dáa, kí n mú un wá kí àwọn bí a bá wálé.

Pálọ̀ mi la ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, kò ju ènìyàn mẹ́rìndínlógún lọ. Ọmọ mi tó rí gíláàsì yẹn ló jókòó gẹ́gẹ́ bí ẹbí ìyàwó. Ọkọ mi, àgbàlagbà ẹni ọdún 65, ní òun máa dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna òun. Kó tó fọwọ́ kanlẹ̀ ni ọmọ náà ti fò dìde dì í mú, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yìn yín ń dùn yín, ẹ jọ̀ọ́."

Àga bàbá wọn yẹn, ẹ pe àbíkẹ́yìn yín, ẹ bi í pé níbo ló fẹ́ kó wà. Bó bá fẹ́ gbé e sí yàrá tirẹ̀, ẹ bá a gbé e. Kí ọkùnrin náà ra tirẹ̀ wá. Tèmi ra àga aláwọ dúdú kan tó ń ké bó ti ń jókòó, kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó sí i.