Òṣómàáló: kí ló dé tí kò fi ń jókòó?

Ìbéèrè yín ni pé kí ni ìtumọ̀ "òṣómàáló", àti pé ṣé èébú ni fún ọmọ Iléṣà. Kì í ṣe èébú rárá. Odidi gbólóhùn ni wọ́n sún kì: "Òṣòó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi." Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá láyé ìgbà kan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwìn ni wọ́n ń tà: oníbàárà á gba aṣọ, á san díẹ̀, á dá ọjọ́ fún ìyókù. Àgbẹ̀ sábà máa ń dá a sí ìgbà kòkó.

Ẹnu ọ̀nà onígbèsè ni ọ̀rọ̀ wà. Òṣómàáló á ti débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí baálé tó mú àdá. Wọ́n á ní kó jókòó, kò ní jókòó. Wọ́n á bu omi, kò ní mu ún. Ẹni tó bá ti jókòó ti di àlejò: ẹ ó jọ kí ara yín, ẹ ó tàkúrọ̀sọ, ojú á sì máa tì í láti mẹ́nu kan owó. Ẹni tó lóṣòó kò tíì dé ibi tó ń lọ, gbogbo ẹni tó ń lọ sódò ló sì ń rí i.

Irọ́ àkọ́kọ́ tí onígbèsè máa ń pa, ẹnu ọmọ ló máa ń fi í sí: "Lọ sọ fún un pé n ò sí nílé." Òṣómàáló á ní kò burú, òun á dúró dè é. Nígbà tó bá yá, ìtọ̀ á gbọn ẹni tó sá pamọ́ sí yàrá, á sì jáde lójú ọmọ tó fi ẹnu rẹ̀ purọ́. Ní tèmi, ìyẹn burú ju gbèsè lọ.

Àwìn abẹ́lẹ̀ náà wà: ìyàwó gba aṣọ ẹgbẹ́ láìsọ fún ọkọ, tàbí ọkọ gba aṣọ fún àlè. Òṣómàáló tó mọṣẹ́ kì í tú u. Bí owó bá wọlé lọ́jọ́ àdéhùn, ó parí. Bí àdéhùn bá yẹ̀, á lóṣòó sí ojúde, onílé fúnra rẹ̀ ni yóò béèrè ta ló jẹ ẹ́ lówó.

Ẹ má fi wé dógò. Ológò ayé àtijọ́, ẹni tí olówó rán láti bá a gba gbèsè, á wọlé tọ onígbèsè, á pa adìyẹ ilé jẹ, á bú tọmọdé tàgbà. Òṣómàáló kì í fọwọ́ kan adìyẹ ẹnikẹ́ni. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ló gbójú lé.