Èsì: Ṣé ìyàwó kékeré ló pa bàbá olówó yẹn ni?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìwé kíkà o. Ẹ ní ṣé kí ẹ tiẹ̀ ka Crooked House, ìwé ìtàn ìpànìyàn ti Agatha Christie, parí, torí ó ti dá yín lójú pé ìyàwó kékeré ló pa bàbá olówó inú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jù ú sílẹ̀. Mi ò ní sọ ẹni tó ṣe é, àmọ́ ẹ padà síbi ikú yẹn: bàbá ní àtọ̀gbẹ, wọ́n máa ń gún un ní ínsúlínì, ẹnì kan wá lọ da oògùn ojú ẹ̀, eserine, sínú ìgò ínsúlínì, òótọ́ ni pé ìyàwó ló gún un lábẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bàbá fúnra ẹ̀ ti ṣàlàyé níṣojú ẹbí pé tí wọ́n bá gún òun ní oògùn ojú yẹn, òun á kú ni. Gbogbo ilé ló gbọ́!

Àwa tá a wà l'Óṣogbo náà mọ irú ilé bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ti gbéyàwó, wọ́n ṣì wà lábẹ́ òrùlé bàbá, owó ẹ̀ ni wọ́n ń ná, ìyàwó kékeré sì ni gbogbo ẹbí máa ń kọ́kọ́ nàka sí. Nínú ìwé 1949 yìí, ìyẹn gan-an ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn, torí àlejò ni wọ́n kà á sí. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé bàbá yẹn fẹ́ràn wọn gan-an o, ìfẹ́ yẹn náà ni ò jẹ́ kí wọ́n dá dúró.

Ẹ ṣọ́ Roger, ọmọ bàbá yẹn tí iṣẹ́ ń dẹnu kọlẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ sì fojú sí ọ̀rọ̀ ìwé ìhágún yẹn dáadáa.