Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìlú Tí Àwọn Dáínósọ̀ Gbógun Tì

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Àbúrò ọkọ mi fi àkójọ kọ́míìkì àtijọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Flesh ta ọmọkùnrin wa, ọmọ ọdún 13, lọ́rẹ. Ìtàn àwọn dáínósọ̀ tó ń ya bo ìlú kékeré kan, tí wọ́n sì ń pa àwọn ará ibẹ̀ jẹ, ni. Èyí tó kọ bàbá rẹ̀ lóminú ju ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lọ ni pé ẹ̀yìn àwọn ẹranko náà ni ọmọ wa wà. Ó ní àwọn ará ìlú ló fọwọ́ ara wọn fà á. Ǹjẹ́ kí a gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀? (Ìyá kan ní Peckham, London)

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá wa. Ibi tí ọmọ yín dúró sí gan-an ni àwọn tó kọ ìtàn náà fẹ́ kí òǹkàwé dúró sí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ìwé.

Flesh wà lára àwọn ìtàn tí 2000 AD, kọ́míìkì ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1977, Pat Mills ló sì dá a sílẹ̀. Àwọn ènìyàn ọ̀rúndún kẹtàlélógún ń wá ẹran jẹ, ni ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Trans-Time bá rán àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ padà sẹ́yìn ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 65 ọdún, kí wọ́n lọ máa da dáínósọ̀ bí ẹni da màlúù, kí wọ́n máa pa wọ́n, kí wọ́n sì máa fi ẹran wọn ránṣẹ́ sí ọjọ́ iwájú. Aṣọ àwọn darandaran ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n wọ̀. Base 3 ni orúkọ ibùdó wọn, ṣùgbọ́n ìlú ni ní tòótọ́, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹ tí wọ́n ń mu, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ẹ̀rọ tó ń sọ odindi ẹranko di ẹran títà wà.

Ìlú yìí ni Old One Eye, abo Tyrannosaurus arúgbó olójú kan, kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá bá. Kì í ṣe pé ó ṣèèṣì gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ẹran tí irú rẹ̀ ń jẹ ni ilé iṣẹ́ náà ń kó lọ, irú tirẹ̀ gan-an sì wà lára àwọn tí ìbọn ń pa. Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn abàmì ẹranko, àlàáfíà ni ìlú náà wà kí wàhálà tó dé bá a. Nínú èyí, ìlú náà fúnra rẹ̀ ni wàhálà tó dé bá igbó. Bí ọmọ ọdún 13 bá rí ìyàtọ̀ yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tọ́ka rẹ̀ fún un, ó mọ ìwé kà.

Kí bàbá rẹ̀ má sì rò pé ẹni tó bá bu ọlá fún ẹranko ti kórìíra ènìyàn. Àwọn ọdẹ wa ń fi ìjálá ki erin àti ẹfọ̀n, wọ́n ń ka agbára wọn, wọ́n sì ń dárúkọ ìwà wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ dájú pé ẹranko wọ̀nyí lè pa ọdẹ. Ọwọ́ tí Flesh fi mú Old One Eye kò jìnnà sí èyí. Ó ní ìbínú, ó ní ọgbọ́n, ó sì ní ìrántí, nígbà tí ọ̀kan lára àwọn ènìyàn tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn náà, Claw Carver, kò ní ju ojúkòkòrò lọ. Earl Reagan, ọ̀gá darandaran tí à bá pè ní akọni, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ náà, nítorí iṣẹ́ pípa ẹran ni wọ́n torí rẹ̀ gbà á.

Ní ti ẹ̀jẹ̀, òótọ́ ni pé ó pọ̀. Ní ọdún 1976, Mills ti kọ́kọ́ dá kọ́míìkì kan tó ń jẹ́ Action sílẹ̀, nínú èyí tí ẹja àkurákudà (shark) apànìyàn kan tó ń jẹ́ Hook Jaw ti ń jẹ ènìyàn lójú ìwé, ariwo àwọn òbí àti àwọn oníròyìn sì pọ̀ débi pé wọ́n kó Action kúrò lórí àtẹ ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Flesh jáde. Ó hàn pé nígbà tí eyín tó ń jẹni jẹ́ eyín dáínósọ̀, tí ọ̀ràn náà sì jìnnà sí wa ní mílíọ̀nù 65 ọdún, ojú àwọn àgbà kò le tó ti tẹ́lẹ̀. Lójú tèmi, àwọn ojú ìwé kan wà tí ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ kò ṣe ìtàn láǹfààní kankan, ṣùgbọ́n dúdú àti funfun ni àwòrán rẹ̀, ó sì pọ̀ nínú fíìmù tí ọmọ ọdún 13 ń wò lónìí tó burú ju èyí lọ. Kí bàbá rẹ̀ kà á, kí àwọn méjèèjì sì jọ jiyàn lé e lórí.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí. Ọmọ kíláàsì mi kan mú ìwé Flesh wá. Ǹjẹ́ òótọ́ wà nínú ohun tó ń sọ nípa àwọn ẹranko ìgbàanì? (Òǹkàwé ní Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Díẹ̀ wà níbẹ̀, olùkọ́. Tyrannosaurus rex gbé ayé láàárín nǹkan bíi mílíọ̀nù 68 sí mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn ní ìwọ̀-oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà, nítorí náà àkẹtẹ̀ darandaran bá ilẹ̀ ibẹ̀ mu. Mílíọ̀nù 65 tí ìwé náà ń sọ ni iye tí àwọn ènìyàn sábà máa ń pè nígbà náà fún ìgbà tí àwọn dáínósọ̀ parun. 66 ni wọ́n ń pè báyìí.

Àṣìṣe wà nínú ọjọ́ orí. Old One Eye ti lé ní 100 ọdún nínú ìtàn. Sue, Tyrannosaurus tí wọ́n hú egungun rẹ̀ ní South Dakota ní ọdún 1990, tó sì wà ní Field Museum ní Chicago báyìí, gùn ju mítà 12 lọ, síbẹ̀ nígbà tí àwọn onímọ̀ ka ìlà ìdàgbàsókè inú egungun rẹ̀, nǹkan bí ọdún 28 ni wọ́n rí. Èyí tó tún burú jù wà nínú apá kejì, tó jáde ní ọdún 1978, níbi tí ẹran omi kan tó ń jẹ́ Big Hungry ti ń yọ àwọn tó wà ní ibùdó abẹ́ òkun lẹ́nu. Wọ́n ní Nothosaurus ni, bẹ́ẹ̀ irú ẹran yẹn ti parun fún ohun tó ju mílíọ̀nù 130 ọdún lọ kí Tyrannosaurus tó dé.

Ẹ lè fi èyí ṣe iṣẹ́ kíláàsì: kí àwọn ọmọ kọ orúkọ gbogbo ẹranko tí wọ́n bá rí nínú kọ́míìkì sílẹ̀, kí wọ́n sì wádìí àwọn tí kò lè pàdé ara wọn láé. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú pé èwo ló jìnnà sí ara wọn jù nínú ọdún: Stegosaurus sí Tyrannosaurus, tàbí Tyrannosaurus sí àwa. Mílíọ̀nù 150 ọdún sẹ́yìn ni Stegosaurus gbé ayé, nítorí náà àwa la sún mọ́ Tyrannosaurus jù.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ìtàn Old One Eye parí síbẹ̀ ni? (Òǹkàwé ní Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Nínú The Cursed Earth, ìtàn Judge Dredd, ọlọ́pàá ọjọ́ iwájú tó tún jẹ́ adájọ́, tó jáde nínú 2000 AD yìí kan náà ní ọdún 1978, wọ́n tún Satanus, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, dá sáyé fún ọgbà ìgbafẹ́ àwọn dáínósọ̀, ogun sì dà á sílẹ̀ kó máa rìn káàkiri aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìlú kékeré tó ń dà láàmú ni Repentance, ọgbọ́n tí àwọn ará ibẹ̀ sì dá ni kí wọ́n máa fi àlejò rúbọ sí i. Ọdún 12 kí Michael Crichton tó tẹ Jurassic Park jáde nìyẹn. Apá àkọ́kọ́ Flesh ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọjá sí ti Satanus tààrà. Apá kejì lè dúró de ìgbà tí ọwọ́ yín bá dilẹ̀.